Bí a ṣe ń fi kíléèmù adójútòfò ìlera tọpa ojú iṣẹ́ abẹ tó kẹ̀ láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn

Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí rẹ̀ kì í pẹ́ ní ilé ìwòsàn mọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti wà nílé. Bí ojú iṣẹ́ abẹ náà bá máa kẹ̀, ilé ló sábà máa ń bá a, lọ́sẹ̀ kejì, lọ́sẹ̀ kẹrin tàbí lọ́sẹ̀ kẹjọ, ilé ìwòsàn tó bá sì sún mọ́ ọn jù ni wọ́n máa sáré gbé e lọ. Ilé ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lè má gbọ́ sí i láéláé. Nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó àkóràn níbẹ̀ á kọ "kò sí" sínú ìwé rẹ̀, kò sì purọ́, ohun tí ojú rẹ̀ tó ló kọ.

Ẹnì kan ṣoṣo lojú rẹ̀ tó ilé ìwòsàn méjèèjì: ẹni tó ń sanwó. Gbogbo ìgbà tí ilé ìwòsàn tàbí dókítà bá tọ́jú ẹni tó ní adójútòfò, wọ́n ń fi ìwé béèrè owó wọn, ìwé yìí la ń pè ní kíléèmù. Orí rẹ̀ ni nọ́ńbà aláìsàn wà, ọjọ́, ilé ìwòsàn, kóòdù àìsàn àti kóòdù iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Bí a bá to kíléèmù ẹnì kan pọ̀ láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ lọ, a ó rí ibi tó gbà lọ àti ohun tí wọ́n ṣe fún un níbẹ̀.

Ohun tí kíléèmù ń sọ ni pé ẹnì kan béèrè owó nítorí àkóràn. Kò sọ pé àkóràn náà wà lóòótọ́. Nítorí náà, ẹ lò ó bí àtùpà, kó fi ibi tó yẹ kí ẹ wò hàn yín. Ẹ má fi dá ilé ìwòsàn kankan lẹ́jọ́ kí ẹ tó ṣí ìwé ìtọ́jú àwọn aláìsàn wò.

Medicare la ó fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, ìyẹn adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65, àwọn aláàbọ̀ ara kan àti àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí jinlẹ̀. Susan Huang, Michael Calderwood, Richard Platt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi kíléèmù Medicare to àwọn ilé ìwòsàn lórí iṣẹ́ abẹ iṣan ọkàn àti ti oríkèé ìbàdí, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011 àti 2013. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ìwé ìtọ́jú. Àwọn ilé ìwòsàn tí kíléèmù tò sí ìsàlẹ̀ pátápátá náà ni ìwé ìtọ́jú fi hàn pé ojú iṣẹ́ abẹ ń kẹ̀ jù níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "gbogbo iṣẹ́ abẹ". Ẹ mú ẹyọ kan tí wọ́n ń ṣe dáadáa ní ibi púpọ̀, tí kóòdù rẹ̀ ò rújú, tó sì jẹ́ pé bó bá kẹ̀, yóò le débi tí aláìsàn á fi padà wọ ilé ìwòsàn. Ẹ̀kẹta yìí ló wúwo jù, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí Medicare ṣe ń sanwó.

Owó tí Medicare ń san fún dókítà lórí iṣẹ́ abẹ ńlá ti kó ìtọ́jú ọjọ́ 90 mọ́ra. Bí aláìsàn bá padà sí kíníìkì dókítà náà lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ojú ọgbẹ́ ti pọ́n, tí ọyún díẹ̀ jáde, tí dókítà fọ̀ ọ́, tó sì kọ oògùn fún un, kò sí owó tuntun tó lè béèrè. Kò sí kíléèmù. Àyàfi bí ó bá gbé e padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ ni owó mìíràn tó wọlé. Àkóràn awọ òkè, tí wọ́n ń tọ́jú ní kíníìkì báyìí, ń kọjá lójú wa láìfi ipasẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi kíléèmù kà á ń fi agbọ̀n pọn omi ni.

Nítorí náà, ẹ fojú sí èyí tó wọnú: inú ẹran, ìdí oríkèé, ibi tí irin àtọwọ́dá wà. Pípààrọ̀ oríkèé ìbàdí, pípààrọ̀ orúnkún àti iṣẹ́ abẹ iṣan ọkàn ló dára jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ìfun ńlá nira gan-an, torí ọ̀pọ̀ aláìsàn ló jẹ́ pé ìfun wọn ti lu, tí ikùn wọn sì ti kún fún ọyún kí wọ́n tó dé. Kóòdù kì í sì í fìgbà gbogbo sọ èyí tó ṣáájú nínú àkóràn àti abẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan iye ọjọ́ tí ẹ ó fi ṣọ́ aláìsàn. NHSN, ètò tí CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, fi ń ṣọ́ àkóràn ní ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà, ń ṣọ́ àkóràn tó wọnú fún ọjọ́ 90 lẹ́yìn pípààrọ̀ ìbàdí tàbí orúnkún, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an ni wọ́n sì ń kà sí ọjọ́ kìíní. Ẹ lo òǹkà kan náà, kí tiyín lè ṣe é fi wé tiwọn. Ṣáájú 2013, ọdún kan gbáko ni wọ́n ń ṣọ́ iṣẹ́ abẹ tó ní irin nínú, ẹ má ṣe gbé iye ìgbà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìsinsìnyí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kó àkójọ tó pé

Àkójọ mẹ́rin lẹ nílò, ẹyọ kan ò tó. Àkọ́kọ́ ni ti ilé ìwòsàn fún àwọn tó sùn níbẹ̀ (MedPAR). Èkejì ni ti àwọn tí wọ́n tọ́jú láìdá wọn dúró. Ẹ̀kẹta ni owó àwọn dókítà fúnra wọn. Ẹ̀kẹrin, tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, ni àkójọ orúkọ àwọn tó wà nínú ètò náà lóṣooṣù.

Ohun tó sọ àkójọ kejì di dandan rèé. Títí di òpin 2017, Medicare kì í sanwó pípààrọ̀ orúnkún fún ilé ìwòsàn bí aláìsàn ò bá wọ wọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2018, wọ́n yọ orúnkún kúrò lábẹ́ òfin yẹn, ní 2020 wọ́n yọ ìbàdí náà. Láti ìgbà náà, àwọn tí ara wọn le ń ṣe tiwọn, wọ́n sì ń lọ sílé láìwọ wọ́ọ̀dù rárá. Bí ẹ bá wo MedPAR nìkan, iye iṣẹ́ abẹ á dín kù lójijì, àwọn tó ṣẹ́ kù á jẹ́ àwọn tí àìsàn pọ̀ lára wọn, ẹ ó sì rò pé àkóràn ń gòkè. Àkóràn ò gòkè, àwọn aláìsàn tó kù nínú àkójọ yín ló yí padà. Ẹ rántí pé kóòdù náà yàtọ̀: MedPAR ń lo ICD-10-PCS, kóòdù iṣẹ́ abẹ àwọn tó wọ wọ́ọ̀dù, nígbà tí àkójọ kejì àti ti dókítà ń lo CPT, kóòdù iṣẹ́ ọwọ́ dókítà.

Àkójọ ẹ̀kẹrin la fi ń mọ ẹni tí a lè rí. Ẹni tó bá gba Medicare lọ́wọ́ iléeṣẹ́ aládàáni, èyí tí wọ́n ń pè ní Medicare Advantage, kíléèmù rẹ̀ ò pé nínú àkójọ yìí. Ó lè kẹ̀ títí, ẹ ò ní rí i. Láti 2023, ó ti ju ìdajì àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i lọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Lóṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ mú àwọn tí àmì HMO wọn (èyí tó ń sọ bóyá wọ́n wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ aládàáni) jẹ́ 0 tàbí 4, tí àmì ìforúkọsílẹ̀ wọn sì jẹ́ 3 tàbí C, ìyẹn ni pé apá A (owó ilé ìwòsàn) àti B (owó dókítà àti ìtọ́jú láìwọ wọ́ọ̀dù) wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ má kánjú kó àkójọ. Ilé ìwòsàn ní oṣù 12 lẹ́yìn ìtọ́jú láti fi kíléèmù ránṣẹ́, wọ́n sì lè dá a padà fún àtúnṣe. Bí ẹ bá kó o lóṣù kẹta, oṣù tó gbẹ̀yìn á máa dà bí ẹni pé kò sí àkóràn. Kíléèmù tó ti parí ni kí ẹ lò, kí ẹ yọ èyí tí wọ́n fagi lé àti èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ta ni yóò wọlé, ta ni yóò jáde

Fún oríkèé ìbàdí, ẹ wá 0SR9 (ọwọ́ ọ̀tún) àti 0SRB (ọwọ́ òsì) nínú MedPAR, àti CPT 27130 nínú àwọn yòókù. 0SRR àti 0SRS ni orí egungun itan nìkan tí wọ́n pààrọ̀. Arúgbó tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ ló sábà máa ń jẹ́ tirẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ:

- ẹni tí kò pé oṣù 12 nínú ètò ṣáájú iṣẹ́ abẹ, torí ẹ ò lè mọ àìsàn tó ti wà lára rẹ̀;
- ẹni tó kúrò nínú ètò kí ọjọ́ 90 tó pé, àfi bó bá kú. Ẹni tó kú á wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀;
- ẹni tí kóòdù 0SP9 tàbí 0SPB wà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú 0SR. 0SP ni pé wọ́n yọ irin kan jáde, àtúnṣe ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀;
- ẹni tí àkóràn oríkèé ti wà lára rẹ̀ nínú oṣù 12 tó ṣáájú, tàbí tí ó gbé e wọlé lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ.

Bí wọ́n bá ti gbé aláìsàn láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn lọ́jọ́ kan náà, ẹ so kíléèmù méjèèjì pọ̀ bí ìdùbúlẹ̀ kan. Ilé ìwòsàn tó ṣe abẹ ló ni aláìsàn náà títí ọjọ́ 90, ibi yòówù kó padà sí.

Bó bá sì ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn láàárín ọjọ́ 90, ká ní ìpákè, ẹ dá ìṣọ́ rẹ̀ dúró lọ́jọ́ yẹn. Kóòdù T81.4 kì í sọ abẹ tó kẹ̀. Àkóràn ìpákè lè wá di ẹ̀ṣẹ̀ ìbàdí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kóòdù àkóràn

Ibí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Amẹ́ríkà kúrò lórí ICD-9, àkójọ kóòdù àìsàn àtijọ́, bọ́ sórí ICD-10 lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2015. Kóòdù tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀, 998.59, di T81.4XXA. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2018, wọ́n tún pín T81.4XXA sí wẹ́wẹ́: T81.41XA fún awọ òkè, T81.42XA fún èyí tó wọnú ẹran, T81.43XA fún ẹ̀yà ara tàbí àyè inú lọ́hùn-ún, T81.44XA fún àkóràn tó wọ ẹ̀jẹ̀, T81.49XA fún ibòmíràn, T81.40XA fún èyí tí wọn ò sọ. Ẹni tó bá kọ T81.4XXA nìkan sínú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rí i pé àkóràn tán nílẹ̀ lóṣù Kẹwàá 2018. A gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ya iye àkóràn lóṣooṣù sórí bébà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí ẹ bá rí àtẹ̀gùn ní oṣù Kẹwàá ọdún èyíkéyìí, kóòdù ló yí padà, kì í ṣe ọwọ́ àwọn dókítà.

Èyí tó lágbára jù fún ìbàdí ni T84.51XA, àkóràn oríkèé àtọwọ́dá ìbàdí ọ̀tún, àti T84.52XA fún òsì. Orúnkún ni T84.53XA àti T84.54XA. Ẹ rí i pé wọ́n ń sọ ọ̀tún àti òsì: ẹni tí wọ́n ṣe ìbàdí ọ̀tún fún, tó wá ní T84.52XA, ẹ má kà á mọ́ ti iṣẹ́ abẹ yìí.

A máa ń to ẹ̀rí sí ipele mẹ́ta. Ipele tó lágbára ni T84.51 tàbí T84.52 pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ dókítà: CPT 27030 (wọ́n ṣí oríkèé láti fa ọyún), 27091 (wọ́n yọ irin jáde), 26990 (wọ́n tú ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú). Ipele àárín ni T84.5 tàbí T81.42 tàbí T81.43 láìsí abẹ, pẹ̀lú ìdùbúlẹ̀. Ipele tí kò lágbára ni L03, awọ ara tó wú tó sì pọ́n, tàbí oògùn apakòkòrò nìkan. Ìpele kẹta yìí á mú ọ̀pọ̀ ènìyàn wọlé, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣe àkóràn abẹ rárá. Ẹ lò ó láti mọ ẹni tí ẹ ó ṣí ìwé rẹ̀ wò, ẹ má fi ka àkóràn.

Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn kóòdù náà ní iṣẹ́: A ni pé wọ́n ń tọ́jú àkóràn náà lọ́wọ́, D ni ìtọ́jú àtẹ̀lé, S ni àpá tó fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí A àkọ́kọ́ hàn ni ọjọ́ àkóràn.

Ẹ jẹ́ ká wo aláìsàn kan báyìí, àpẹẹrẹ lásán ni, ìyá ẹni ọdún 71:

- 4 oṣù Kẹta 2019: ilé ìwòsàn A, 0SR9, àìsàn M16.11, oríkèé ìbàdí ọ̀tún tó ti gbó.
- 7 oṣù Kẹta: ó lọ sílé.
- 18 oṣù Kẹta: kò sí nǹkan kan. Ìyá yìí lọ rí dókítà rẹ̀, ojú ọgbẹ́ ń sun omi, dókítà ní kó máa padà wá. Kò sí owó, kò sí kíléèmù.
- 2 oṣù Kẹrin: ilé ìwòsàn B, T84.51XA, àmì POA jẹ́ Y. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n kọ́ ni o, ọgbọ̀n ni, torí ọjọ́ abẹ ni ọjọ́ kìíní.
- 3 oṣù Kẹrin: dókítà ní ilé ìwòsàn B, CPT 27030.

Lórí kíléèmù ilé ìwòsàn B, kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ A. Nọ́ńbà ìyá yìí nìkan ló so wọ́n pọ̀. Ẹ wo POA náà, àmì tó ń sọ bóyá àìsàn ti wà lára aláìsàn nígbà tó wọlé. Y àti W la kà sí pé ó ti wà, N àti U la kà sí pé kò sí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń yọ gbogbo Y dànù, wọ́n ní "ó ti wà tẹ́lẹ̀". Y ní ìdùbúlẹ̀ tí wọ́n ṣe abẹ ni ká yọ. Y nígbà tó padà wọlé ni ohun tí à ń wá gan-an! Ẹni tó bá yọ ọ́ ti da ọ̀pọ̀ àkóràn tí òun ń wá nù.

Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ìgbèríko, tí nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ìdánimọ̀ wọn wà láàárín 1300 sí 1399, kò fi dandan kọ POA. Ẹ má ka òfìfo sí N.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣí ìwé ìtọ́jú

Ká ní iṣẹ́ abẹ 10,000 lẹ ní, kóòdù sì tọ́ka sí 200. Ẹ fi kèké yan 60 nínú 200 yẹn, ẹ gba ìwé ìtọ́jú wọn, kí ẹni méjì kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú òdiwọ̀n NHSN lọ́wọ́, kí wọ́n má sì mọ ohun tí ẹnì kejì kọ. Bí 42 bá jẹ́ òótọ́, ìdá 70 nínú 100 nìyẹn, ó túmọ̀ sí pé nǹkan bí 140 nínú 200 ló kẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀pọ̀ ń dúró síbẹ̀. Ẹ má dúró, ẹ ò tíì mọ iye tó sá mọ́ yín lọ́wọ́. Nínú 9,800 tí kóòdù ò tọ́ka sí, ká ní ẹ ṣí 400, ẹ rí 2. Ìdá ààbọ̀ nínú 100 ni, èyí tó jẹ́ 49 nínú gbogbo wọn. Àpapọ̀ àkóràn di 189, kíléèmù sì rí 140 nínú rẹ̀, ìdá 74. Àmọ́ 2 nínú 400 kéré, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀: òótọ́ rẹ̀ lè wà níbikíbi láàárín nǹkan bí 6 àti 176. Nítorí náà, ẹ má fi kèké kan náà yan gbogbo 9,800. Ẹ kọ́kọ́ pín wọn: àwọn tó padà wọlé láìsí kóòdù àkóràn, àwọn tó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn tó ra oògùn apakòkòrò lẹ́yìn ọjọ́ keje, àtàwọn tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ ṣí púpọ̀ nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, díẹ̀ nínú ẹ̀kẹrin, kí ẹ wá fi òṣùwọ̀n ìpín kọ̀ọ̀kan dá a padà nígbà ìṣírò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fífi ilé ìwòsàn wé ara wọn

Ilé ìwòsàn tó ń gba àwọn tí àìsàn pọ̀ lára wọn ò gbọ́dọ̀ jìyà fún àánú tó ṣe. Ẹ kó àìsàn oṣù 12 tó ṣáájú abẹ: àtọ̀gbẹ (E11), sísanra jù (E66 àti Z68), àìsàn kíndìnrín (N18), sìgá (F17), ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, àti bóyá egungun tó ṣẹ́ (S72.0) ló gbé e wá. Kí kóòdù náà wá láti ìgbà tó ṣáájú abẹ. Bí ẹ bá kó ti ìdùbúlẹ̀ abẹ fúnra rẹ̀, ìjàm̀bá tí ilé ìwòsàn dá sílẹ̀ lè padà di àwáwí fún un.

Ẹ fi wọn ṣírò ewu aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ẹ ro gbogbo ewu inú ilé ìwòsàn kan pọ̀, òun ni iye tí a retí. Ẹ fi pín iye tí ẹ rí. Ilé ìwòsàn tó ṣe 400, tí a retí 5.2, tí a rí 9: 9 pín sí 5.2 jẹ́ 1.73. Ó dún bí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ààlà rẹ̀ láti nǹkan bí 0.79 dé 3.28 ni, ọ̀kan sì wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé oríire tàbí oríburúkú lásán lè mú un wá. Ilé ìwòsàn tó ṣe 25, tí 1 kẹ̀, jẹ́ ìdá 4 nínú 100. Ààlà tirẹ̀ láti ìdá 0.1 dé bí 20 ni. Iye tó fẹ̀ báyìí ò sọ nǹkan kan. NHSN fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìpín yìí fún ilé ìwòsàn tí iye tí a retí kò bá tó 1. Ẹ kó ọdún méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ẹ lo ìṣírò tó ń fa ilé ìwòsàn kékeré sún mọ́ àárín.

Kí ẹ tó gbàgbọ́ pé ilé ìwòsàn kan burú, ẹ bi ara yín bóyá akọ̀wé kóòdù rẹ̀ ló já fáfá ju ti àwọn yòókù lọ. Medicare gba kóòdù àìsàn tó tó 25 lórí kíléèmù kan. Ibì kan ń kọ gbogbo rẹ̀, ibòmíràn ń kọ mẹ́fà. Ẹ ka iye kóòdù tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ń kọ fún aláìsàn kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìtòtẹ̀lé yín ṣe pẹ̀lú ipele tó lágbára nìkan, ìyẹn èyí tí abẹ wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé lè fi T81.42 kún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣí oríkèé ènìyàn nítorí àkọsílẹ̀. Bí ilé ìwòsàn náà bá ṣì wà níbi tó wà, ẹ ní ìdí láti pè wọ́n. Bó bá fò lọ sí àárín, akọ̀wé ni.

Owó náà ń tẹ ọwọ́ akọ̀wé síbòmíràn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2008, Medicare kì í san àfikún owó fún àkóràn tó wọ àyà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ iṣan ọkàn, bí kò bá ti wà lára aláìsàn nígbà tó wọlé. Ẹni tó bá ń tọpa àkóràn yìí ò gbọ́dọ̀ fọkàn tán ìdùbúlẹ̀ abẹ nìkan. Ìpadàwọlé sí ilé ìwòsàn mìíràn ló ṣe é gbọ́kàn lé jù, torí kò séwu fún wọn láti kọ òótọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ẹ ó ṣe gbé e fún wọn

Ẹ kọ́kọ́ fún ilé ìwòsàn náà ní ìkọ̀kọ̀, kí àwọn tó ní àṣẹ láti rí orúkọ aláìsàn gba àkọsílẹ̀ ọjọ́ abẹ àti ọjọ́ ìpadàwọlé. Bí ibi tí aláìsàn padà sí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn, ibẹ̀ ni ojú wọn á ti là jù. Òfin CMS, àjọ ìjọba tó ń darí Medicare, ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé iye láti 1 dé 10 jáde, tàbí ìdá tí wọ́n lè fi ṣírò padà sí i. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ kó ọdún pọ̀. Ẹ fi iye ìwé ìtọ́jú tí ẹ ṣí àti iye tó jẹ́ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo nọ́ńbà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é ní Nàìjíríà

Òfin NHIA (àjọ adójútòfò ìlera Nàìjíríà) ti 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn, bí Ìlera Èkó. Iṣẹ́ abẹ ìbímọ ló yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 30 ni NHSN fi ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ojú ò ti ní ríran. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ń gba owó orí lóṣooṣù, yálà aláìsàn wá tàbí kò wá, nítorí náà, ìyá ọmọ tó wá fọ ọgbẹ́ níbẹ̀ kò fi kíléèmù sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àdúgbò, tó fowó ara rẹ̀ san án, náà ò fi nǹkan sílẹ̀. Ohun tó ń wọ ìwé ni ìtọ́jú tí HMO, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò náà, fi kóòdù àṣẹ sí: abẹ fúnra rẹ̀, àti ìpadàwọlé tó le.

Nítorí náà, àwọn tó padà wọlé láàárín ọjọ́ 30 ni kí ẹ kà, kí ẹ sì pè é bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó kọ ìlà kan ṣoṣo sínú kọ̀ǹpútà, ẹ béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ ẹni tó ni àkójọ náà: ṣé nọ́ńbà aláìsàn kan náà ló ń bá a dé gbogbo ilé ìwòsàn, àbí ibi kọ̀ọ̀kan ló ń fún un ní tuntun? Ṣé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wà lórí kíléèmù, àbí ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀? Bí ìdáhùn méjèèjì ò bá dára, àtúnṣe fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ yín àkọ́kọ́.